Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Kí Ló Ń Lé Ọmọ Tó Kàwé Kúrò Lórílẹ̀-èdè Kékeré, Kí Ló Sì Ń Dá Àwọn Míì Dúró?

Mẹ́ta la mú nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí àkọ́kọ́ gùn, èsì ẹ̀ náà á gùn, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Kubwa ni mò ń gbé, ọdún 2003 ni mo ti wà l'Abuja yìí, iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin wà ní Estonia, ó ń ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún máásítà ní yunifásítì tó wà ní Tartu. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ó pè mí lórí WhatsApp, ó wá ń sọ fún mi pé àwọn ọmọ Estonia gan-an tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, àwọn náà ń wá bí wọ́n ṣe máa lọ, ọ̀kan ti ríṣẹ́ sí Finland, òmíràn ń palẹ̀ mọ́ Netherlands. Ha! Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi. Ìlú tíná kì í lọ, tí wọ́n ń ná owó Euro, tí wọ́n ń jókòó sílé fi íntánẹ́ẹ̀tì dìbò! Èmi rò pé àwa nìkan là ń sá ni. Ó tún sọ pé àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan, bẹ́ẹ̀ owó oṣù kan náà ni gbogbo wọn jọ ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń lé àwọn yẹn, kí ló dá àwọn yòókù dúró? Kí ni kí n sì sọ fún ọmọ tèmi? Bàbá Ìbejì, Kubwa.

Èsì: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ẹ̀. Ìbéèrè yín bá mi níbi tó ń ro mí, torí èèyàn tó bá ń gbé Abuja yìí, kò sí oṣù tí ò ní bá ẹnì kan dágbére.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ owó ká lè kúrò níbẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wà ní Estonia, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.37 ni, Abuja wa yìí nìkan jù wọ́n lọ fíìfíì. Lọ́dún 1990 wọ́n lé ní mílíọ̀nù 1.5. Àwọn ará Rọ́ṣíà tí wọ́n padà sílé nígbà tí Soviet Union tú ká lọ́dún 1991 wà lára àwọn tó dín yẹn o, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wọ European Union lọ́dún 2004, díẹ̀díẹ̀ ọ̀nà là, ọmọ Estonia kì í gba físà mọ́ kó tó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ọkọ̀ ojú omi láti Tallinn, olú ìlú Estonia, dé Helsinki ní Finland ò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ, nǹkan bí 80 kìlómítà ni, kò tó ìdajì ọ̀nà Abuja sí Kàdúná. Èdè méjèèjì sì tan mọ́ra wọn. Dókítà tó bá sọdá omi yẹn nígbà náà, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe, owó ẹ̀ á sì ju ìlọ́po méjì lọ. Ta lẹ máa bá wí? Tí mo bá ní owó kọ́, irọ́ ni mò ń pa fún yín.

Àmọ́ ọmọ yín ti rí i fúnra ẹ̀ pé owó nìkan ò tó ṣàlàyé, ṣebí owó kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Ohun tí èmi rí nínú ọ̀rọ̀ àwọn ìlú kékeré yìí ni ọ̀rọ̀ àga, ìyẹn ipò téèyàn lè dé lẹ́nu iṣẹ́. Àga ò pọ̀ ńbẹ̀. Ẹ wo Iceland, gbogbo wọn ò tó 400,000, ọ̀kẹ́ ogún làwọn bàbá wa á pe ìyẹn, wọn ò tiẹ̀ tó o. Láti 1911 ni wọ́n ti ní yunifásítì, wọ́n ń kọ́ dókítà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ dókítà tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ abẹ ọkàn tàbí ti ọpọlọ, àfi kó jáde lọ sí Sweden tàbí Amẹ́ríkà, torí pé nílùú tó kéré báyẹn, àwọn tó máa ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan ò lè pọ̀ débi tí ọwọ́ ẹ̀ á fi mọ́ iṣẹ́ náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ dà bí irun dídì, ẹni tó ń di orí kan lóṣù, ìka ẹ̀ ò lè yá láéláé. Kó wá kọ́ ọ tán, ilé ìwòsàn ńlá kan ló wà ní Reykjavík, olú ìlú wọn, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, tí ẹni tó wà lórí àga níbẹ̀ bá jẹ́ ẹni ọdún 45, ó ṣì máa lo bí ogún ọdún sí i. Kí ni ẹni ọdún 33 á wá ṣe, kó dúró máa wo ẹ̀yìn orí ọ̀gá? Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn dókítà Iceland yìí ló ń padà wálé, màá sọ ìdí ẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó jọ ọ̀rọ̀ abúlé. Ní ìlú kékeré, gbogbo èèyàn mọ ara wọn, ọmọ lágbájá ni ẹ́, a mọ bàbá ẹ, a mọ ọkùnrin tó o fẹ́ tẹ́lẹ̀. Tí ìwọ àti ọ̀gá kan bá ní gbólóhùn asọ̀, kò sí ọ̀gá kejì tó o lè sá bá. Ẹni tó bá baálẹ̀ jà lábúlé, ibo ló tún fẹ́ gbẹ́jọ́ lọ? Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí ò jẹ́ pé ebi ló lé wọn jáde, èémí ni wọ́n ń wá.

Tí èdè wọn bá wá jẹ́ èdè tí gbogbo ayé ń wá ní ọjà, ó tún burú sí i. Ọmọ Guyana àti ọmọ Jamaica, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé, ó sì ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n àti àǹtí wọn ti wà ní New York, Toronto àti London, ẹni tó bá ń lọ ti mọ ilé tó máa sùn kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà táwọn onímọ̀ ṣírò ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000, nínú ọmọ Guyana tàbí Jamaica mẹ́wàá tó kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, ó lé ní mẹ́jọ tó ń gbé lókè òkun. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá! Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí ò lọ, torí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọmọ yín. Àga ìlú kékeré ò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jẹ́ kọ́mọdé gun orí ẹ̀, kíá ló máa dókè. Lẹ́yìn tí Estonia gba òmìnira padà, ẹni ọdún 32 ni Mart Laar nígbà tó di olórí ìjọba lọ́dún 1992. Ọdún 32, Bàbá! Níbí, ẹni ọdún 32 ṣì ń gbé báàgì fún ọ̀gá. Lọ́dún 2003 ni Skype, táwọn èèyàn fi ń pe ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde, Tallinn làwọn tó kọ ọ́ jókòó sí tí wọ́n fi ṣe é, nígbà tí wọ́n sì tà á, àwọn òṣìṣẹ́ tó rí owó níbẹ̀ ò kó o sá lọ tán, ọ̀pọ̀ ló fi dá iléeṣẹ́ tuntun sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó ń jáde yunifásítì lẹ́yìn wọn rí iṣẹ́ tó lè ṣe láì kúrò nílé. Bolt yìí tẹ́ ẹ fi ń lọ láti Kubwa sí Wuse, tá à ń pè ní Taxify tẹ́lẹ̀, ọmọ Estonia ọmọ ọdún 19 ló dá a sílẹ̀ ní 2013, Markus Villig lorúkọ ẹ̀, owó tó yá lọ́wọ́ òbí ẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, Yunifásítì Tartu tí ọmọ yín wà yẹn náà ló wà kó tó fi ìwé sílẹ̀ gbájú mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di 2015, àwọn tó ń wọ Estonia ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju àwọn tó ń jáde lọ. Èyí ò wá túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò lọ mọ́ o, ẹ ti gbọ́ tẹnu ọmọ yín. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó ń lọ náà rí i pé nǹkan wà nílé tóun lè padà wá bá.

Ìdí nìyẹn táwọn dókítà Iceland náà fi ń padà. Àga kan á ṣófo, ilé á ránṣẹ́, àwọn ọmọ wọn ti ń dàgbà sí Sweden, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n gbàgbé èdè ìyá wọn, nítorí èdè tí èèyàn 400,000 ń sọ, tí wọn ò bá sọ ọ́ nílé, níbo ni wọ́n tún fẹ́ lọ sọ ọ́? Estonia náà bẹ́ẹ̀. Láti 1869 ni wọ́n ti ní ọdún orin kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń jọ dúró kọrin ní èdè wọn, ẹni tó wà lẹ́yìn odi náà á sì wọkọ̀ wálé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ ò rí bí ọ̀nà Lọ́kọ́ja ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ku ọjọ́ méjì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ n sọ ti ilé wa, torí ẹ ní ẹ rò pé àwa nìkan là ń sá. Nàìjíríà ò kéré, a lé ní mílíọ̀nù 200. Ọ̀rọ̀ àga yẹn ló wá dàrú mọ́ mi lójú, nítorí ìlú tó tóbi tó báyìí, tó sì jẹ́ pé àtẹ̀gùn inú ẹ̀ kúrú bíi ti ìlú kékeré.

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Lugbe, iṣẹ́ láàbù ló kọ́, ilé ìwòsàn kan níbí ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan ní oṣù kejì ọdún, mo gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá, mo rí i tó ń lẹ bébà mọ́ ara ẹrù ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, fíríìjì, jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, fáànù méjì, ó fi máàkà kọ iye owó sára bébà, àwọn ará àdúgbò ń wọlé, wọ́n ń ná an. Ìyá ẹ̀ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kan jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì ni. Wọ́n ní kí màmá dìde kẹ́ni tó fẹ́ rà á wò ó, màmá ò dìde. Wọn ò sunkún, wọn ò jà, wọ́n ṣáà ń fi ọwọ́ tọ́ etí bẹ́ẹ̀dì síìtì yẹn bíi pé àlejò fẹ́ wá sùn sí i lálẹ́. Mo fa ọmọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní ṣé owó ni. Ó ní, "Àǹtí, owó wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ọdún mẹ́fà ni mo ti wà ní ìpele kan náà. Ẹ̀rọ tí mo fi kọ́ iṣẹ́ ti bàjẹ́ láti ọdún kejì tí mo débẹ̀, a fi aṣọ bò ó, àwa là ń gbọn eruku ara ẹ̀ nù ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó wà lókè mi ò ní fẹ̀yìn tì títí di 2041. Kí ni kí n máa retí?" Kánádà ló wà báyìí.

Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti dárúkọ Iceland àti Guyana létí mi, eruku ara ẹ̀rọ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Èèyàn lè fara da owó kékeré fún ọdún mélòó kan tó bá mọ ibi tóun ń lọ. Ohun tí kì í jẹ́ kó sùn ni kó wo iwájú kó má rí ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má sọ fún un pé kó padà wá, ẹ má sì sọ fún un pé kó dúró. Ẹ ní kó lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ tí ò lọ yẹn, kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí níwájú, kó wá bi ara ẹ̀ pé ibo lòun náà ti rí irú ẹ̀. Tó bá fẹ́ dúró ní Estonia, kó tètè kọ́ èdè wọn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ ẹni tí ò gbọ́ èdè onílé á kàn máa jẹun létí àwo ni. Ibi yòówù kó wà, kó má ti ilẹ̀kùn ilé, kó máa bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Abuja àti Èkó sọ̀rọ̀, kó máa wá ṣọdún, kó má jẹ́ pé owó tó ń fi ránṣẹ́ nìkan lẹ fi ń mọ̀ pé ó wà láyé. Ẹ̀yin náà, Bàbá, tó bá pè yín, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó sọ ohun tí òrùlé kù.

Ìbéèrè: Àǹtí, mo ń sin ìjọba lọ́wọ́ ní Zaria, ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ní lọ́jì wa, àríyànjiyàn lójoojúmọ́. Àwọn kan ní kò sí ìlú kékeré kankan tó lè dá ọmọ ẹ̀ tó kàwé dúró láéláé, pé tí ọ̀nà bá ti lè là, wọ́n máa lọ tán ni. Ṣé òótọ́ ni? Ajagun-ìwé, Zaria.

Èsì: Kì í ṣòótọ́, àmọ́ kò rọrùn. Ireland ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Láti ìgbà ìyàn tó mú wọn ní 1845 ni wọ́n ti ń jáde, ìran lẹ́yìn ìran, tó fi di pé ní 1961 àwọn tó kù nínú orílẹ̀-èdè olómìnira yẹn ò ju mílíọ̀nù 2.8 lọ. Lọ́dún 1967 wọ́n sọ sẹ́kọ́ńdìrì di ọ̀fẹ́. Ẹ wá wo bó ṣe rí o, ìwé yẹn ò dá ẹnikẹ́ni dúró lójú ẹsẹ̀, torí láwọn ọdún 1980, àwọn tó kàwé gan-an ló kún ọkọ̀ òfuurufú lọ sí London àti Boston. Owó tí ìlú fi tọ́ wọn, àwọn ẹlòmíì ló ń jẹ ẹ́. Nígbà táwọn iléeṣẹ́ ńlá láti Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí Ireland, Intel tó ń ṣe èròjà inú kọ̀ǹpútà wọlé lọ́dún 1989, àwọn míì tẹ̀ lé e, torí pé owó orí ibẹ̀ kéré, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọjà Yúróòpù sì ṣí sílẹ̀ fún wọn, ọmọ tó kàwé ni wọ́n bá nílẹ̀ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, àwọn tó ti lọ sì ń padà. Ìgbà tí báǹkì wọn dojú dé ní 2008, wọ́n tún lọ. Wọ́n tún padà. Nígbà tí wọ́n ka ara wọn ní 2022, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, ó ti tó 170 ọdún tí wọ́n ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ní báyìí, owó oṣù dáa ńbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀dọ́ ṣì ń gba Ọsirélíà lọ nítorí pé owó ilé ti wọ́n kọjá agbára wọn, ẹni ọgbọ̀n ọdún ṣì ń sùn ní yàrá tó ti sùn lọ́mọdé. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ará lọ́jì yín, pé ìdí tí wọ́n fi ń lọ lónìí lè máà jẹ́ ìdí tí wọ́n fi lọ lánàá.

Mauritius náà wà ńbẹ̀, erékùṣù tí èèyàn ẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 1.2. Kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1968, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé kan ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Meade, tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́yìn náà, ti kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìrètí, ìrèké nìkan ni wọ́n ní, èèyàn sì ń pọ̀ jù fún ilẹ̀. Wọ́n dá ibùdó iléeṣẹ́ tó ń ta ọjà sókè òkun sílẹ̀ ní 1970, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n sọ sẹ́kọ́ńdìrì di ọ̀fẹ́ ní 1977, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń wá, báǹkì ń wá. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń lọ sí Faransé àti Kánádà, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti Guyana.

Cape Verde ni èyí tó máa yé ọmọ Ọ̀fà dáadáa. Erékùṣù mẹ́wàá, òjò wọn ò tó nǹkan, wọ́n tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù nílé, àwọn tó jẹ́ ọmọ wọn lẹ́yìn odi, ní Pọ́túgàl, ní Amẹ́ríkà, ní Rotterdam, pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ. Ọdún 2006 ni ìjọba wọn tó dá yunifásítì tiwọn sílẹ̀, ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá fẹ́ ìwé gíga gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò nílùú. Ẹni tó kúrò lọ́mọ ọdún 18, tó rí ìyàwó síbẹ̀, tó ríṣẹ́ síbẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi fà á padà? Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ló ń gbé ilé ró. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá yín àgbà bóyá wọ́n wà lára àwọn tí ìjọba Gánà lé ní ìparí 1969, táwọn èèyàn fi ilé àti ọjà sílẹ̀, tí wọ́n fi orí ru ohun tí wọ́n lè rù. Ẹ wo àwọn ilé tí ará Èjìgbò fi owó Abidjan kọ́. Ìrìn àjò kì í ṣe nǹkan tuntun nínú ẹ̀jẹ̀ wa, èmi tó ń kọ èyí, inú Sábó Kano ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ta páànù níbẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín torí Zaria tẹ́ ẹ wà. Ahmadu Bello University tó wà níbẹ̀ yẹn ló ti ka iṣẹ́ ẹ̀rọ iná. Ó gba àdímíṣọ̀n ìlú òyìnbó, ó ní kí wọ́n sún un síwájú fún òun, ó tún sún un lẹ́ẹ̀kejì. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, epo bẹ́ńtiróòlù gbówó lórí, àwọn tó ń ta ọjà tútù àtàwọn tó ń rán aṣọ ò lè tan jẹnẹrétọ̀ mọ́, òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń to sólà. Láti Kubwa dé Dei-Dei títí dé Suleja, ó ń gun òrùlé kiri. Ó ṣí ìwé rìsíìtì ẹ̀ hàn mí, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ dúdú fún irin, ọmọkùnrin mẹ́rin ló gbà síṣẹ́. Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá débẹ̀, ọdún mélòó ni wọ́n máa tó jẹ́ kí n di ọ̀gá ara mi?" Ìjọba ò fún un ní nǹkan kan o, ẹ jẹ́ kó yé wa. Ó kàn rí àga kan tó ṣófo, ó jókòó.

Ìbéèrè: Mátírọ́nì ni mí ní ilé ìwòsàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nyanya. Lálẹ́ àná, nọ́ọ̀sì méjì la wà fún wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì 30. Ọmọ tí mo fọwọ́ mi kọ́ ní abẹ́rẹ́ ti wà ní Birmingham. Ẹ má bínú, mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbèjà àwọn tó ń lọ. Kí ìjọba di wọ́n mú, kí wọ́n sìn wá fọ́dún márùn-ún kí wọ́n tó fún wọn níwèé. Ìyá Rótìmí.

Èsì: Mátírọ́nì wa, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ìbínú yín tọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ ru ẹrù ẹni tó lọ, kò sì sẹ́ni tó fi owó kún owó yín nítorí ẹ̀. Tí n bá wà ní wọ́ọ̀dù yẹn lálẹ́ àná, bóyá nǹkan tó ju èyí lọ ni ǹ bá kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ dídì mú yìí. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ níbí. Ní oṣù kẹrin 2023, àbádòfin kan kọjá kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì nílé aṣojú-ṣòfin pé kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún kó tó gba ìwé àṣẹ tó pé, àwọn dókítà fárí gá. Ní oṣù kejì 2024, àjọ tó ń rí sí nọ́ọ̀sì náà ní ẹni tó bá gbàwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọdún méjì kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀ fún òkè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì tú jáde l'Abuja níbí, ẹ̀yin náà á rí i. Ìlú kékeré kan wà tó ṣe é dé gógó, Eritrea ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Láti 1995 ni wọ́n ti ní ètò ìsìnlú olóṣù 18, àmọ́ lẹ́yìn ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ó di ohun tí ò lópin, èèyàn á wọlé ní ọmọ ọdún 18, á di baba ọmọ lẹ́nu ẹ̀. Ṣé àwọn ọ̀dọ́ wá dúró? Aginjù ni wọ́n ń gbà, omi òkun ni wọ́n ń gbà, ẹni tó lọ báyẹn kì í padà wá bẹ ilé wò.

Singapore náà ń di àwọn kan mú, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ìjọba bá fi owó rán lọ kàwé máa ń tọwọ́ bọ̀wé pé òun á padà wá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ wo ìyàtọ̀ ẹ̀, Mátírọ́nì, òun fúnra ẹ̀ ló tọwọ́ bọ̀wé kó tó gba owó, ìlú ló sanwó ìwé, iṣẹ́ gidi ló sì ń dúró dè é, owó ẹ̀ á máa wọlé lóṣooṣù. Tiwa ńkọ́? Àbúrò mi obìnrin ṣe nọ́ọ̀sì níbí, oṣù márùn-ún ni wọn ò san owó ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń wọ ọkọ̀ láti Mararaba kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ń ra ìbọ̀wọ́ lówó ara ẹ̀. Oṣù kẹfà ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún márùn-ún irú ìyẹn lẹ fẹ́ kí wọ́n fi dè é?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi jà fún ni pé kí ìjọba gba àwọn tó ti jáde ilé ìwé tí wọ́n ń wáṣẹ́ kiri Abuja yìí, torí wọ́n wà o, èèyàn ń lọ, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn ò gbàṣẹ́. Kí owó tètè máa wọlé. Kí nọ́ọ̀sì tó bá ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta mọ ìpele tóun máa bọ́ sí. Kí ẹni tó ti lọ sí Birmingham lè wá lo oṣù mẹ́ta níbí kó kọ́ àwọn ọmọ tuntun yín níṣẹ́ tó rí lọ́hùn-ún, láì jẹ́ pé wọ́n ń bi í pé kí ló wá ṣe. Ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ ní abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ pè é. Ẹ ní kó sọ iye nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù tiẹ̀ lálẹ́ àná fún yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ìpàdé yín pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwòsàn. Tí wọn ò bá fẹ́ gbọ́, ẹ kọ̀wé sí wa padà, ká jọ wo ibi tá a tún máa gbé e gbà. Ẹ bá mi kí ẹnì kejì yín tẹ́ ẹ jọ ṣe iṣẹ́ òru yẹn.